Táyà Ńlá tí Ẹ Yàn sí Ọkọ̀ Yín

Dádì mi, ẹni tó máa ń fi sípánà gbọ́ ohùn irin,

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn níbi tí ẹ wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ìkúnlẹ̀ mi bẹ́ẹ̀. Orí táyà ni mo jókòó sí tí mo ń kọ ìwé yìí, nínú ṣọ́ọ̀bù yín ní ọjà Ládìpọ̀. Oníbàárà ò tíì yọjú. Rímù wà níwájú mi, rímù wà lẹ́yìn mi, wọ́n tò dé òrùlé, gbogbo wọn ń dúró de ẹni tó máa gbé wọn lọ. Èmi nìkan ni ò rí ẹni gbé mi.

Ìròyìn kan wà tó máa pa yín lẹ́rìn-ín. Géèmù eré ọkọ̀ yẹn ti jáde ní apá kẹta. Ẹ rántí bí ẹ ṣe rí ẹ̀rọ rẹ̀ nínú kọ̀ntéínà, láàárín àwọn rímù tòkunbọ̀, tí ẹ gbé e wá sílé wa ní Mushin, tí ẹ ní àwa ọmọ ló wà fún. Ọmọ wo? Ẹ̀yin lẹ máa ń jókòó tì í lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ẹ ò ní tíì bọ́ aṣọ ọrùn yín. Kí àwọn ọkọ̀ kéékèèké yẹn tó sáré, wọ́n á kọ́kọ́ fi oríṣiríṣi ẹsẹ̀ ọkọ̀ hàn wá ká yàn: èyí tó wà fún yanrìn, èyí tó wà fún ọ̀dà, tín-ín-rín, gbàǹgbà, èyí tó ń dán bíi dígí. Ìgbà tí ẹ fi ń yan táyà máa ń gùn ju eré fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ á fi èékánná kan ojú tẹlifíṣọ̀n kó, kó, bí ẹ ṣe ń fi sípánà kan rímù ní ṣọ́ọ̀bù láti gbọ́ bóyá ó ti sán rí. Ẹ á ní, "Wẹ́dà ti jó èyí pọ̀ rí." Dádì, géèmù ni o! Lẹ́yìn gbogbo wàhálà náà, táyà ńlá tó wúwo jù lẹ máa yàn, ẹ ó sì gbẹ̀yìn. Ẹ á ní kò burú, pé tiyín ò ní bẹ́ lọ́nà.

Ní apá kẹta yìí, èèyàn lè fi oríṣi kan síwájú, kó fi òmíràn sẹ́yìn, kó tún kun rímù ní àwọ̀ tó bá wù ú. Mo mọ̀ pé inú ì bá bí yín. Mo fi tín-ín-rín síwájú, mo fi gbàǹgbà sẹ́yìn, mo kùn ún ní pupa bí ètè ìyàwó ọ̀ṣìngín, mo sì ṣe ipò kìíní. Mo bojú wẹ̀gbẹ́ láti fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, àga yín ṣófo.

Apá kejì ṣì wà nílé. Ọkọ̀ yín wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú táyà ńlá tí ẹ fi sí i gbẹ̀yìn. Lọ́jọ́ kan, Kúnlé àbúrò mi fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, mo sì pariwo mọ́ ọn débi pé ìyá onílé sáré wọlé.

Kúnlé ní, "Àǹtí mi, Dádì ò kúkú ní lò ó mọ́."

Ẹkún ni mo fi dá a lóhùn.

Ẹ wò ó, tí eré kan bá parí nínú géèmù náà, wọ́n á tún bi èèyàn léèrè irú táyà tó fẹ́. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, ẹnikẹ́ni ò bi mí ní nǹkan kan. Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ yín ni Bùọ̀dá Àgbà, ẹ̀gbọ́n yín, ti fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù sí mi lọ́wọ́ níṣojú gbogbo ẹbí. Wọ́n ní àwọn nìkan ló wà lọ́dọ̀ yín ní ọsibítù lọ́jọ́ ìkẹyìn, pé ẹ ní kí n dúró ti ṣọ́ọ̀bù títí Kúnlé á fi dàgbà. Ta ló fẹ́ jiyàn ọ̀rọ̀ ìkẹyìn bàbá rẹ̀? Mọ́mì ní ká má bá ẹbí jà. Gbogbo Ládìpọ̀ ń yìn mí, "Ọmọ tó gbọ́ ti bàbá ẹ̀!" Bí ẹni ń fi àgádágodo kún àgádágodo ni ìyìn yẹn ń ṣe mí.

Bẹ́ẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti gbà mí, Dádì. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ la máa wọlé, wọn ò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin lẹ mú mi lọ ṣe ìdánwò rẹ̀ n'Íbàdàn. Ṣé ẹ̀yin yẹn náà lẹ tún ní kí n má lọ?

Lánàá, Bùọ̀dá Àgbà yà wò mí. Mo bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu yín gan-an. Wọ́n ṣí fìlà.

"Ọ̀rọ̀ kẹ̀? Ohùn ti lọ nígbà yẹn. Mo bi í pé ṣé kí n fi ṣọ́ọ̀bù lé ẹ lọ́wọ́, ó kàn ń wò mí ni. Kò sọ pé rárá. Mo mọ àbúrò mi. Ó ti tó."

Omi dà lójú wọn. Kì í ṣe èèyàn burúkú, wọ́n fẹ́ràn yín ni. Àmọ́ ara mi tutù. Lẹ́yìn náà inú bí mi, ó bí mi sí ẹ̀yin pàápàá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Kí ló dé tí ẹ ò kàn mi orí lásán?

Láti àárọ̀ lèmi náà ti ń bi yín. Mo bi yín jẹ́jẹ́, mo bi yín sókè débi pé ẹni tó ń ta bátìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yọjú wò mí. Dádì, ṣé kí n lọ kó kọ́kọ́rọ́ yìí fún Bùọ̀dá Àgbà, kí n máa lọ s'Íbàdàn? Mo dákẹ́, mo tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa.

Ẹ ò sọ pé rárá. Mo mọ bàbá mi. Ó ti tó.

Èmi ni ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ń ti ilẹ̀kùn lọ́wọ́.