Ẹ̀rọ tí Mo Jẹ́ Kó Fìdí Rẹmi

Ilé Akẹ́kọ̀ọ́ Kẹta,
Òpópónà Guangfu,
Hsinchu, Taiwan.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kọkànlá, 2022.

Ẹ̀gbọ́n Meng-Hsuan mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú iṣẹ́ fákítìrì. Ìyàwó yín ńkọ́, àti ìkókó? Ṣé orúnkún Ìyá àgbà ti fúyẹ́ díẹ̀? Ẹ bá mi sọ fún wọn pé súwẹ́tà tí wọ́n hun fún mi ni mò ń wọ̀ kiri, nítorí atẹ́gùn ìlú yìí kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Ara tèmi náà le, ọkàn mi ni kò balẹ̀. Ojú ń tì mí gan-an, mi ò sì lè sọ ọ́ fún Màmá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń to kọ̀ǹpútà ńlá fún títà mọ ìjà tó wà láàárín ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí à ń pè ní x86, tó ti ń jọba láti ọjọ́ pípẹ́ àti ọpọlọ Arm tó ń du ọjà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìjà yẹn ti dé ẹ̀ka wa. Wọ́n fẹ́ ra ẹ̀rọ tuntun kún gbọ̀ngàn kọ̀ǹpútà wa, ẹ̀yà kan ṣoṣo ni wọ́n sì máa mú. Ẹ̀gbọ́n Hui-Chun, àgbà nínú ẹgbẹ́ ìwádìí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ fún oyè kejì mi, ló ń jà fún Arm, nítorí kì í jẹ iná púpọ̀. Gbogbo iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ló dúró lé e lórí. Ó yá ẹ̀rọ kan lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á pé ká fi dán an wò. Ẹ̀gbọ́n Kuo-Liang, tí òun náà wà nínú ẹgbẹ́ wa, ló dúró fún x86.

Lọ́jọ́ ìdánwò, èmi ni wọ́n ní kí n gbé iṣẹ́ kan náà sórí ẹ̀rọ méjèèjì. x86 parí tirẹ̀, Arm ṣì ń wọ́ bí ìgbín.

"Hui-Chun, ṣé ẹ̀rọ rẹ ń sùn ni? Ká lọ ra kọfí fún un," ni Ẹ̀gbọ́n Kuo-Liang wí. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rù bà mí. Mo wo orí ẹ̀rọ náà, mo rí i pé ọjọ́ ìlò ti kọjá lórí àpò ìpápánu aláwọ̀ ewé tí àṣà wa ní ká máa gbé síbẹ̀ kí ẹ̀rọ má bàa ṣe àìgbọràn. Mo pariwo pé, "Ẹ wò ó, ó ti bàjẹ́! Abájọ!"

"Ta ló gbé òkú ìpápánu sórí ẹ̀rọ mi?" Ẹ̀gbọ́n Hui-Chun sáré lọ ra òmíràn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lé e. "Jọ̀ọ́, má dójú tì mí," ló ń bẹ ẹ̀rọ. Pàbó ló já sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo rí àṣìṣe mi. Iṣẹ́ tí a kọ ní èdè x86 ni mo gbé fún Arm. Kò kọ̀ ọ́. Ńṣe ló ń túmọ̀ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan kó tó ṣe é, ìyẹn ló fi ń falẹ̀. Ó yẹ kí n sáré lọ bá Ẹ̀gbọ́n Hui-Chun. Mi ò lọ. Mo ń sọ fún ara mi pé bóyá mo ṣì í kà ni.

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Liao, olórí ẹgbẹ́ wa, béèrè ní ìpàdé tí a ti fẹ́ yan ẹ̀rọ bóyá ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ láti sọ, bàtà mi ni mo tẹjú mọ́.

"Ohun tí a rí náà la rí, Ọ̀jọ̀gbọ́n," ni Ẹ̀gbọ́n Hui-Chun wí. "Bóyá èmi ni mo ti ń tan ara mi jẹ."

Wọ́n mú x86.

Lánàá, ọkọ̀ dé láti gbé ẹ̀rọ Arm náà padà fún àwọn tó ń tà á. Èmi àti Ẹ̀gbọ́n Hui-Chun la jọ gbé e sọ̀kalẹ̀. Awakọ̀ rẹ́rìn-ín: "Kí ló ṣe èyí? Ọ̀lẹ ni?"

Mi ò mọ ìgbà tí ẹnu mi là. "Kì í ṣe ọ̀lẹ, Bọ̀ọ̀dá. Iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ ni mo gbé fún un. Èmi ni mo jẹ́ kó fìdí rẹmi."

Ẹ̀gbọ́n Hui-Chun bi mí: "Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ kejì ìdánwò."

"Kí ìpàdé tó wáyé?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó yíjú sí awakọ̀. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ẹ́ńjìnnì." Ó wá kọjú sí mi: "Ìwọ ṣáájú. Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣì wà lókè."

Lọ́jọ́ Ajé ni wọ́n máa tún un dán wò. Ẹlòmíràn ló máa gbé iṣẹ́ sórí ẹ̀rọ. Ẹ̀gbọ́n Hui-Chun kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti àná, mi ò sì dá a lẹ́bi.

Ẹ bá mi fẹnu ko ìkókó lẹ́nu, kí ẹ sì kí gbogbo ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, Màmá kò gbọ́dọ̀ gbọ́ títí èmi fúnra mi yóò fi dé ilé sọ ọ́.

Èmi ni àbúrò yín tí kò lè gbójú sókè,
Yu-Tang.