Kì í Ṣe Ẹṣin Ló Rẹ̀

Rantya, Jos
Oṣù Kejì, 1982

Ẹ̀gbọ́n mi Adérónkẹ́,

Mo kí yín, mo kí Bàbá, Màmá àti àwọn ọmọ. Ṣé ikọ́ Màmá ti rọlẹ̀? Ọyẹ́ ti la ètè mi níbí.

Ẹsẹ̀ ń dun Bùrọ̀dá Akínladé tí mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ni wọ́n bá ní kí n gun ẹṣin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà tẹ̀lé ẹgbẹ́ agẹṣin wọn lọ gbafẹ́ lọ́nà Vom ní Sátidé. Ẹṣin náà kò bá ẹgbẹ́ jáde rí, èmi náà kò bá wọn jáde rí. Jẹ́ẹ́jẹ́ ló ń rìn. A kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí mo ní kí n máa padà, pé ó ti rẹ ẹṣin.

Màmá Rosaline, olórí wa, fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. “Haba, ọmọ Èkìtì! Ẹṣin yìí kò tíì làágùn. Ta ló rẹ̀ gan-an?”

Omi bọ́ lójú mi.

Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti ń rẹ̀ mí látìgbà tí mo ti wọ yunifásítì. Mò ń kàwé, kò wọlé. Bàbá ní ibí ni kí n ti lo ìsinmi Àjíǹde, kí n máa kàwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí n wá sùn nílé fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Olúwa á fi ọ̀rọ̀ tútù sí yín lẹ́nu níwájú wọn.

Àbúrò yín,
Olúsọjí