Ibi Tó Yẹ Kí Bàbá Fimíhàn Jókòó Sí

                                                                      Ilé Ìtẹ̀wé Ràmọ́nù,
                                                                      Ojúlé Kẹsàn-án, Bajulaiye,
                                                                      Ṣómólú, Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                                                      Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹfà, 2025.

Morọ́láyọ̀, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú òjò tí kò jẹ́ kí aṣọ gbẹ yìí. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Ìsẹ́yìn? Bàbá Fimíhàn ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀? Ìyá àgbà ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń fi ọ̀pá lé ewúrẹ́ aládùúgbò kiri? Ní tiwa níbí, a ò rí àìsàn, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kàsúmù ọmọ rẹ ti ga ju bàbá rẹ̀ lọ, ó sì ń fi yangàn. Ọkọ mi kí ọ púpọ̀. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé ẹran Iléyá tiyín ṣì wà nínú fíríìsà, àmọ́ tí ẹ bá pẹ́ ẹ dé, kí ẹnikẹ́ni má bi àwọn léèrè.

Mo mọ̀ pé o máa sọ pé kí ló dé tí mo ń kọ lẹ́tà láyé fóònù. Ìwọ náà lo fà á. Láti ìgbà tí o ti ní ìkọ̀wé inú fóònù kéré jù fún ojú rẹ, bàbá Fimíhàn ló ń bá ọ ka Wọ́sáàpù, wọn ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń kà á jẹ́ẹ́jẹ́. Gbogbo agboolé ló ń gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ yìí, etí wọn kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ dé. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà, tí mo sì fi rán Àjàlá tó ń bá wa kó bébà lọ sí Òkè-Ògùn. Mo ní ọwọ́ rẹ gan-an ni kí ó fi sí. Tí o bá kà á tán, fi dáná.

Inú mi dùn, kò ṣe é fẹnu sọ, nígbà tí mo gbọ́ pé bàbá Fimíhàn ti gbà láti wá wo ọmọ wọn nínú àṣekágbá bọ́ọ̀lù obìnrin ti àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì, ní Bariga níbí, ní Sátidé ọjọ́ kọkànlélógún. Mo mọ bí o ṣe bẹ̀ wọ́n tó. Mo sì mọ ohun tí wọ́n sọ pẹ̀lú. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yìí ni àwọn máa wò ó, tí ohun tí àwọn bá rí kò bá tẹ́ àwọn lọ́rùn, Fimíhàn máa kó ìbọ̀wọ́ aṣọ́lé rẹ̀ sílẹ̀, á gbájú mọ́ ìwé, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù sì parí nìyẹn. Ọmọ náà ló sọ fún mi fúnra rẹ̀. Kò sunkún, àmọ́ ó ń fa okùn ìbọ̀wọ́ náà bí ẹni tó fẹ́ já a. Nítorí náà, bí o ṣe máa mú ọkọ rẹ wọ Èkó àti ibi tí o máa mú wọn jókòó sí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Èmi tí mo ń gbé níbí, gbọ́ tèmi.

Ẹ má wọkọ̀ lọ́jọ́ Sátidé rárá, ọjọ́ Jímọ̀ ni kí ẹ ti wá. Tí ẹ bá bọ́ sílẹ̀ ní Ọ̀jọ́ta, ẹ wọ ọkọ̀ tó ń gba ọ̀nà Ìkòròdú bọ̀. Tí o bá ti rí Palmgrove, di báàgì rẹ mú, Onipanu ló kàn. Má dúró de kọ́ńdọ́kítọ̀ pé á rántí yín. Ẹni tí kò bá pariwo "Ó wà o" ní Onipanu, Fádèyí ló máa ti fẹsẹ̀ rìn padà. Mo mọ̀ pé bàbá Fimíhàn, díákónì wa, kì í pariwo láwùjọ, ìwọ ni kí o pa á. Ẹ wọ kẹ̀kẹ́ márúwá níbẹ̀, ẹ ní Bajulaiye lẹ ń lọ. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ bá yín gbé ẹrù, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì gbé ẹrù yín fúnra yín. Ibi tí òórùn yíǹkì bá ti pàdé yín, tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń ké lọ́tùn-ún lósì, ẹ béèrè Ìyá Kàsúmù. Ọkọ mi ti ṣèlérí pé tí àwọn bá ti kírun alẹ́ tán, ẹ̀rọ tiwa ò ní ké mọ́, kí bàbá Fimíhàn lè rí oorun sùn. Ti aládùúgbò ni mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Ìjọ Onítẹ̀bọmi kan sì wà tí kò jìnnà sí wa fún ọjọ́ Àìkú, ẹ ò ní pàdánù ìsìn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ aṣọ. Jọ̀ọ́, Morọ́láyọ̀, má jẹ́ kí wọ́n gbé agbádá wá. Jẹ́ kí n là á yé ọ. Lẹ́nu géètì pápá yẹn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa wo aṣọ lára ènìyàn. Tí wọ́n bá ti fojú kan agbádá, wọ́n á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á mú ẹni náà lọ sábẹ́ kánópì àwọn àlejò pàtàkì. Àga onítìmùtìmù wà níbẹ̀, mínírà tútù wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńláńlá ló kọjú sí wọn tó ń lu orin dí wọn létí. Wọn kì í gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tó ń lọ lórí pápá. Bùbá àti ṣòkòtò ti tó fún bàbá Fimíhàn. Kó má jẹ́ aláwọ̀ búlúù o, torí búlúù ni àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ti ọ̀dọ̀ wa tí wọ́n fẹ́ bá àwọn Fimíhàn gbá a ń wọ̀. Bàtà tí ẹrẹ̀ kò ní bà jẹ́ sì ni kí ẹ wọ̀. Lásìkò òjò báyìí, ọmọ ìyá kan náà ni pápá wa àti ọ̀sà.

Ibi tí mo fẹ́ kí wọ́n jókòó sí ni ẹ̀yìn àwọ̀n tí Fimíhàn bá ń ṣọ́. Mo mọ̀ pé ẹnu máa yà ọ́. Àwọn ènìyàn kan wà níbẹ̀ tí à ń pè ní Ẹ̀yìn-Àwọ̀n, èmi náà sì wà lára wọn, má rẹ́rìn-ín. Níní onídìrí ni olórí wa, ohùn rẹ̀ sì lè jí òkú. Iṣẹ́ kan ṣoṣo la ní, ká máa yẹ̀yẹ́ aṣọ́lé tó bá wá láti ìlú mìíràn. A ó bi í bóyá ó ti jẹun. A ó ní kó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹsẹ̀ lékeléke. A ó bi í bóyá ilé ìdáná ni wọ́n ti pè é wá. Tí wọ́n bá sì fọn fèrè ìsinmi, tí àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì pààrọ̀ ilé, a ó gbé bẹ́ńṣì wa lérí, a ó tẹ̀ lé aṣọ́lé náà lọ sí ìhà kejì. Ẹ óò bá wa gbé bẹ́ńṣì o, orúnkún ò sí nínú rẹ̀.

Àṣìṣe tí àwọn àlejò máa ń ṣe ni pé wọ́n rò pé èébú ni. Lọ́dún tó kọjá, bàbá kan tó ń jẹ́ Bámilóyè tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tó gbọ́ tí Níní ń sọ pé ọmọ náà ń fò bí igbá ẹ̀bà, ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀, ó ká apá aṣọ sókè, ó yí pápá ká wá bá wa pé kí ẹni tó ń bú ọmọ òun jáde. A fún un ní àga. A wá ṣàlàyé fún un pé aṣọ́lé tí kò mọ iṣẹ́, a kì í yẹ̀yẹ́ rẹ̀, ńṣe là ń dákẹ́, tí a máa ń jẹ ẹ̀pà wa. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lèébú. Nígbà tí ìdajì kejì fi dé ìdajì, Bámilóyè ti ń bá wa yẹ̀yẹ́ ọmọ ara rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ń wá ẹni tí á bá òun di aago mú. Nítorí náà, tí bàbá Fimíhàn bá fẹ́ dìde, fà wọ́n láṣọ.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an ló kù báyìí. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti tẹ orúkọ sẹ́yìn jẹ́sì àwọn Fimíhàn. Orúkọ ìdílé ni gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ, àfi òun. Nígbà tó kàn án, ó rọra sún mọ́ mi, ó ní, "Ẹ bá mi kọ Fimíhàn, mà. Bàbá mi ní àwọn ò fẹ́ kí orúkọ àwọn máa yí nínú ẹrẹ̀." Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò dá ọkọ rẹ lẹ́bi, ẹni tó mọ iyì orúkọ ni wọ́n. Àmọ́ ó dùn mí fún ọmọ náà.

Nígbà tí wọ́n wá gbá ìpele tó kángun sí àṣekágbá níbí, ní Sátidé tó ṣáájú Iléyá, òjò ti rọ̀, pápá ti di ẹlẹ́rẹ̀. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n bá gbá a. Níní bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí Fimíhàn kí wọ́n tó fọn fèrè. Ọmọ náà ò wẹ̀yìn, kò rẹ́rìn-ín, kò bínú. Ní ìdajì kejì, ọmọ Ìjẹ̀bú kan gbá bọ́ọ̀lù kan tí gbogbo wa ti dìde pé ó ti wọlé. Fimíhàn fò, ó ṣubú sínú ẹrẹ̀, a ò rí nǹkan kan àfi omi tó ta sókè. Nígbà tí a máa rí i, bọ́ọ̀lù wà láyà rẹ̀. Níní ò tilẹ̀ jẹ́ kó mí. Ó ní, "Gólì, ta ló bí ẹ gan-an? Ṣó mọ̀ pé o wà níbí?"

Morọ́láyọ̀, kò sí aṣọ́lé tó máa ń dá wa lóhùn. Ọmọ rẹ yíjú padà. Ẹrẹ̀ wà ní orí, ẹrẹ̀ wà ní imú, eyín rẹ̀ nìkan ló funfun. Ó ní, "Adébọ̀wálé ará Ìsẹ́yìn ló bí mi. Àwọn ló kọ́ mi pé ohun tí wọ́n bá fi sí mi lọ́wọ́, kò gbọdọ̀ bọ́."

Níní jókòó. Mi ò tíì rí ìyẹn rí láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Omi bọ́ lójú mi, mo sì sọ fún àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé ata ẹ̀pà ni. Bọ́ọ̀lù tó tún wá, Fimíhàn gbá a mú, Níní náà ló kọ́kọ́ ké e, ó ní, "Adébọ̀wálé!" Gbogbo Ẹ̀yìn-Àwọ̀n gbè é. Nígbà tó fi máa parí, gbogbo pápá ló ń pè é, títí kan àwọn oníkẹ̀kẹ́ márúwá tó dúró lẹ́yìn ògiri. Àwọn Fimíhàn jáwé olúborí, o ti gbọ́ ìyẹn. Ohun tí o ò gbọ́ ni pé láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá gbá nǹkan mú ní Bajulaiye, orúkọ yẹn ló ń pè. Lánàá, gálọ́ọ̀nù yíǹkì fẹ́ já bọ́ lórí tábìlì, ọkọ mi sáré gbá a mú, wọ́n ní "Adébọ̀wálé!" Wọ́n tún wo ọ̀tún wo òsì, ojú tì wọ́n.

Ní àṣekágbá yìí, àwọn ará ibí á fẹ́ kí ọmọ tiwọn borí, mi ò ní tàn ọ́. Àmọ́ Ẹ̀yìn-Àwọ̀n kì í gba orúkọ padà lọ́wọ́ aṣọ́lé tó bá ti gbà á. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kánópì, tí mi ò fi fẹ́ agbádá. Má sọ fún wọn o, ìròyìn kò tó àfojúbà. Mú wọn jókòó sáàárín wa. Tí a bá kọ́kọ́ ké e, wọ́n á rò pé ẹnìkan tó mọ àwọn ló ń kí àwọn, wọ́n á wẹ̀yìn wò. Má dá wọn lóhùn. Tí a bá tún ké e, wọ́n á rí ibi tí gbogbo ènìyàn kọjú sí. Mi ò mọ bó ṣe máa rí lára wọn. Bá mi wo ojú wọn, torí èmi ò ní lè wò ó.

Bá mi kí ìyá àgbà, kí àwọn ọmọ, kí gbogbo ará ilé Adébọ̀wálé. Níní ní kí n kí ọ, pé òun ń fi oyin pa ohùn mọ́. Ọlọ́run á sọ̀ yín dé ọ̀dọ̀ wa láyọ̀.

Mo tún gé jẹ́sì tuntun kan sílẹ̀ fún Fimíhàn fún ọdún tó ń bọ̀. Ó wà lórí tábìlì mi, iwájú rẹ̀ ti parí, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo. Mi ò ní tẹ nǹkan kan sí i títí bàbá rẹ̀ á fi dé ṣọ́ọ̀bù wa, kí wọ́n sọ ohun tí mo máa kọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó ń wojú ọ̀nà,
Rọ̀kíbátù, Ìyá Kàsúmù.