Ẹsẹ Kejì Orin Àbúrò Mi

Àbúrò mi,

Ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí nìyí: garawa omi méjì, àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù, àti ipa bàtà ọ̀gá mi lórí mẹ́fà nínú wọn. Mo rọra ń kọ orin tó o gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi nígbà tí ọ̀gá ń kọjá. Ó ní, “Olórin, ṣé orin ló máa tún un nù?”

Ohùn rẹ dùn, má jẹ́ kó sú ọ. Ẹsẹ kejì, níbi tó o ti ní ẹ̀gbọ́n rẹ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì ọba, má yọ ọ́. Ṣáà gbóhùn sókè níbẹ̀, kí Màmá lè gbọ́ ọ dáadáa. Bá mi kí wọn, kó o ní mo ti sanra.

Aránṣọ tá a jọ ń lo bẹ́ẹ̀dì kan náà dìde lọ síbi iṣẹ́ òru ní aago mẹ́wàá alẹ́ ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìgbà náà ni mo fẹ̀yìn lélẹ̀.