Páásíwọ́ọ̀dù Tí Gbogbo Ọ́fíìsì Mọ̀

                                        Yàrá 304, Al Nahda,
                                        Sharjah.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kejì, 2025.

Ọmọ́yẹni, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé ara le? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń jẹ́ kí o sùn? Orúnkún Mọ́mì ńkọ́? Èmi wà láàyè, mo sì ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Díẹ̀ ló kù kí n má wà lẹ́nu iṣẹ́ mọ́.

O mọ̀ pé ẹrù àwọn oníṣòwò là ń kó ránṣẹ́ sí Èkó láti ọ́fíìsì wa ní Deira, ní Dubai. Inú kọ̀ǹpútà la ń kọ orúkọ wọn sí, oníkálukú wa ló sì ní páásíwọ́ọ̀dù tó fi ń wọlé síbẹ̀. Àlàájà Wosilat, ọ̀gá wa, ní ká má sọ tiwa fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, Ẹ̀gbọ́n Làmídì, tó dàgbà jù nínú àwa òṣìṣẹ́, ní kí n sọ tèmi torí àwọn ti gbàgbé tiwọn. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ pé rárá? Kí oṣù tó parí, gbogbo ọ́fíìsì ló ń lo tèmi. Wọ́n ní ó rọrùn láti tẹ̀.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, orúkọ ogójì oníbàárà pa rẹ́, ẹrù wọn sì ti wà nínú kọ̀ǹténà ní èbúté Jebel Ali. Kọ̀ǹpútà ní èmi Bùsáyọ̀ ni mo pa wọ́n rẹ́, ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Àlàájà ò pariwo. Wọ́n ní, "Khalas, ó ti parí. Lọ palẹ̀ ẹrù ẹ mọ́, mà á cancel visa ẹ lọ́la." Ẹ̀rù bà mí débi pé ẹkún ò wá.

Ìgbà tí mo ṣí báàgì mi ni mo rí ìwé tí wọ́n fún mi níbi tí mo ti lọ tẹ̀ka fún Emirates ID, káàdì ìdánimọ̀ ibí, láàárọ̀ yẹn. Aago mẹ́wàá ló wà lára rẹ̀, ní Sharjah. Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n Làmídì gan-an ni mo ti gbàyè lọ, wọn ò sì sọ fún Àlàájà pé mi ò sí ní ọ́fíìsì. Ìyẹn dùn mí.

Mo gbé ìwé náà fún Àlàájà. Wọ́n wò ó, wọ́n wo kọ̀ǹpútà. "Ta ló wá jẹ́ Bùsáyọ̀ níbí?"

Ẹ̀gbọ́n Làmídì wúkọ́. Wọ́n ní orúkọ ẹyọ kan ṣoṣo làwọn fẹ́ yọ. Àlàájà bẹ̀ mí, wọ́n sì ní kí gbogbo wa pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù. Ọjọ́ méjì la fi tún orúkọ ogójì náà tẹ̀.

Láàárọ̀ Fúráìdeè, Ẹ̀gbọ́n Làmídì fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Àbúrò, tuntun yẹn ńkọ́?"

Mo kúnlẹ̀ sórí táìlì ilẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú sà, mi ò lè sọ ọ́." Mi ò dìde títí wọ́n fi padà sídìí kọ̀ǹpútà tiwọn.

Bá mi kí Mọ́mì àti gbogbo ará ilé. Ìwọ tó mọ gbogbo àṣírí mi láti ìgbà ilé ìwé, jọ̀ọ́, má bèèrè páásíwọ́ọ̀dù tuntun yìí.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yí padà,
Bùsáyọ̀.