Nígbà tí A Kò Kí Ermek Mọ́

                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́,
                                        Ak-Terek,
                                        Issyk-Kul,
                                        Kyrgyzstan.
                                        Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kejìlá, 2016.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Zuura,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ti jẹ́ kí o sinmi ní Moscow níbẹ̀, àbí ó ṣì ń ṣí ìkòkò rẹ wò lójoojúmọ́? Ẹ kú òtútù, ẹ kú àjò. Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ nígbà tí o kọ̀wé gbẹ̀yìn, mo gbà á ládùúrà pé ó ti lọ. Awo fífọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ti gbé kámẹ́rà lé èjìká rí, ṣùgbọ́n kí la ó ti ṣe é? Màmá mi ń kí ọ. Ó ní tíì tí o fi ránṣẹ́ ti tán, ó ní kí n má sọ fún ọ o.

Zuura, ọ̀rọ̀ burúkú ni mo ní lẹ́nu, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa fi ẹ̀rín sọ ọ́. Tañ ti kú. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wa, tí èmi àti ìwọ lo ìgbà èwe wa níbẹ̀, wọ́n pa á lọ́jọ́ tó kẹ́yìn oṣù tó kọjá.

Ìwọ náà mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Rọ́ṣíà kó ẹrù wọn tí wọ́n fi òpó irin sílẹ̀ lórí òkè, Asankul baike, ọ̀gá wa tí gbogbo wa ń pè ní ẹ̀gbọ́n, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ físíìsì nígbà náà, gun òkè lọ wò ó. Ó ní òpó tó bá lè gbé àwòrán Moscow wá bá wa yóò lè gbé àwòrán wa wá bá ara wa. Màlúù ló fi pààrọ̀ kámẹ́rà àkọ́kọ́, ìyàwó rẹ̀ ò sì bá a sọ̀rọ̀ títí yìnyín fi yọ́. Yàrá méjì lókè ilé ìfìwéránṣẹ́, ẹ̀rọ tí a ń fi ìgbálẹ̀ gbá yìnyín kúrò lára rẹ̀, àti kásẹ́ẹ̀tì tí kò tó rí. Ìròyìn òní la máa ń ká lé ìròyìn àná lórí. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ohunkóhun lónìí tí yóò fi hàn pé a wà rí. Ìgbéyàwó rẹ gan-an, ẹṣin tó sọnù la ká lé e lórí, a ò sì rí ẹṣin náà.

Ètò wa nìyí: ìròyìn díẹ̀, ẹran tó sọnù, ìkéde òkú, lẹ́yìn náà ìkíni. Ìkíni gan-an ni gbogbo àfonífojì ń jókòó dè. Kí ọmọ pé ọdún kan, kí bàbá pé ọgọ́ta, wọn á gbé fọ́tò wá, èmi á ka ọ̀rọ̀, a ó fi orin tì í. O sì mọ àwọn èèyàn wa: ẹni tí Tañ bá kí, ó wà láàyè nìyẹn. Ẹni tí a bá ti ń kí tẹ́lẹ̀ tí a wá dákẹ́ lórí rẹ̀, wọn á ti máa wo ojú ara wọn.

O ò lè gbàgbé Ìyá Ermek, opó tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọlọ ìyẹ̀fun, tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wá iṣẹ́ lọ sí Moscow, tí a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ọdọọdún, bó bá di ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejìlá tí wọ́n bí i, ó ń gbé fọ́tò kan náà bọ̀: Ermek lórí ẹṣin, tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jalè tí wọn ò rí i mú. Ìwọ lo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Màmá, ṣé Ermek yìí kì í dàgbà ni?" Ó ní, "Ó ń dàgbà níbi tó wà. Ìwọ sáà gbé kámẹ́rà rẹ dúró dáadáa, kó má lọ gé etí ẹṣin."

Bí a ṣe wà nìyẹn tí àṣẹ fi dé láti olú-ìlú. Wọ́n ní gbogbo ilé gbọ́dọ̀ ra dikódà, pé ọ̀nà tuntun ni àwòrán yóò máa gbà, àti pé kò sí àyè fún àwọn kéékèèké bíi tiwa. Asankul baike lọ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n fún un ní tíì mu, wọ́n yìn ín, wọ́n sì fi ẹ̀rín sìn ín jáde. Nígbà tó dé, kò bọ́ bàtà kó tó jókòó.

Ó ní, "Wọ́n ní ká lọ máa ṣe é lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo ní ta ni yóò kọ́ àwọn ìyá wa bí wọ́n ṣe ń wò ó? Wọ́n ní àwọn ọmọ wọn. Anarkan, àwọn ọmọ dà?"

Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, èrò kún àtẹ̀gùn dé ìsàlẹ̀, fọ́tò lọ́wọ́ kálukú. Ìyá Ermek náà wá. Mo ní, "Màmá, ẹ gbé e wá kí n kà á lónìí. Ọjọ́ díẹ̀ ló kúkú kù." Ṣe ló fa fọ́tò náà mọ́ àyà.

"Kí o kí ọmọ mi kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé? Ṣé o fẹ́ fi ẹnu pa á ni?"

Ta ni ò mọ̀ pé èèwọ̀ ni? Asankul baike gbìyànjú láti fi àwàdà bò ó. Ó ní, "Màmá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi ojú fo èèwọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré."

"Asankul, èèwọ̀ kì í ṣe dikódà tí wọ́n ń pààrọ̀."

Mo fa Ìyá Ermek sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àánú rẹ̀ ló ṣe mí tí mo fi sọ ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò sọ fún un rí, pé àwòrán wa kì í kọjá òkè, pé Ermek kò gbọ́ ọ rí lọ́jọ́ kan. Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé.

"Òmùgọ̀ lo fi mí pè? Ta ló sọ fún ọ pé Ermek ni mò ń jẹ́ kó gbọ́? Batma aládùúgbò mi ni, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ń kà á, kò sí ìyàwó ilé kan tó máa gbé búrẹ́dì wá bá mi pé kí n gba f'Ọ́lọ́run."

Ó gbé fọ́tò rẹ̀, ó lọ. A ṣe ìkíni tó kẹ́yìn láìsí Ermek níbẹ̀. Asankul baike ní "Ó dàbọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé," àwòrán sì di wínníwínní funfun lójú gbogbo tẹlifíṣọ̀n Ak-Terek. Mo sunkún, Zuura. Mi ò sunkún tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí bàbá mi kú.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án gan-an, Asankul baike gun òkè nínú yìnyín, ó lọ bẹ àwọn òṣìṣẹ́ tó wà nídìí òpó pé kí wọ́n bá òun tan ẹ̀rọ fún ìwọ̀n orin kan. Wọ́n ti tú u. Wọ́n ti kó o sínú àpótí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbọ̀nà ilé Ìyá Ermek, pé kí n lọ kà á fún un lẹ́nu lásán. N ò tíì dé ìdí ọlọ tí mo fi gbọ́ òórùn òróró. Wọ́n ń dín boorsok, ìyẹ̀fun pípò wa, nílé tí kò sí ayẹyẹ, o sì mọ̀ pé òkú là ń rán òórùn yẹn sí. Batma àti àwọn obìnrin ti jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n fa gèlè bojú.

Batma ní, "A retí títí, Tañ ò kí i."

Mo pariwo. Mo ní, "Tañ fúnra rẹ̀ ló kú! Kì í ṣe Ermek!"

Ó ní, "A mọ̀, ọmọ wa. Àmọ́ ẹnikẹ́ni ò kí i."

Inú bí mi. Mo já wọ ilé ìdáná pé kí n yí ìkòkò òróró náà dànù. Ìyá Ermek fúnra rẹ̀ ló wà nídìí ẹ̀, ó ń fi ṣíbí yí i padà.

Ó ní, "Má bá wọn jà. Ó ti rẹ̀ mí, Anarkan. Èmi di apá rẹ̀ kan mú, ẹ̀yin di ìkejì mú, la fi ń gbé e dúró látọjọ́ yìí. Ẹ ti fi tiyín sílẹ̀."

Ó bu boorsok gbígbóná lé mi lọ́wọ́. Mo jẹ ẹ́. Kí ni ǹ bá ṣe?

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́rẹ̀kẹ́. Asankul baike ń kí ọ. Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ó ní àga pọ̀ ju ọmọ lọ nínú kíláàsì òun. Mo mọ̀ pé Moscow tóbi. Ṣùgbọ́n bí o bá rí ọkùnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jalè tí wọn ò rí i mú, tó ní Ermek lòun ń jẹ́, má bá mi kí i. Sọ fún un pé a ti jẹ boorsok òkú rẹ̀, gbígbóná, àti pé ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló dín in.

Èmi ni tìrẹ, tí ohùn rẹ̀ kò kọjá ẹnu ọ̀nà mọ́,

Anarkan.