Ọwọ́ Tí O Ní Ó Ń Gbọ̀n

Ọ̀rẹ́ mi ìgbà kan,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ara le? Ṣé àwọn ọmọ wà dáadáa, bàbá wọn náà ńkọ́? Àdúrà mi ni pé kí ara rẹ le koko bí ọta, kí ẹ̀fọ́rí má ṣe ọ́, kí otútù má mú ọ. Tọkàntọkàn ni mo fi ń ṣe àdúrà yìí. Ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ kò yẹ aláìsàn, mi ò sì fẹ́ kí àìsàn bá mi ṣe iṣẹ́ tí mo lè fi ọwọ́ ara mi ṣe.

Ọdún mọ́kànlá la fi jọ jókòó sí yàrá òkè yẹn, lórí ṣọ́ọ̀bù télọ̀, tí à ń ṣe káàdì ìkíni. Ìwọ lo máa ń yí ọwọ́ ẹ̀rọ ìgé, tí irin olódòdó á máa gé páálí jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Èmi ni mo máa ń fi òǹtẹ̀ tẹ àwòrán, tí màá da páúdà sórí yíǹkì tútù, tí màá sì fi ẹ̀rọ gbígbóná fẹ́ ẹ títí páúdà á fi yọ́, tí àwòrán á gbé orí sókè. Ìgbàkigbà tí mo bá ní kí o wá wo bí mo ṣe ń ṣe é, wàá ní, "Kí ni mo fẹ́ fi yẹn ṣe? Ṣebí ìwọ wà níbẹ̀." Mo rò pé ìfẹ́ ni. Ọ̀lẹ ni.

Nígbà tí ìyá mi dùbúlẹ̀ àìsàn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lò lọ́dọ̀ wọn. Ìwọ lo sìn mí dé ibùdókọ̀, o gbé báàgì mi, o ní kí n má ronú iṣẹ́ rárá. Ìgbà tí mo padà dé, tábìlì nìkan ló kù nínú yàrá, àti ìgò gọ́ọ̀mù kan tí ìdérí rẹ̀ ti sọnù. Ẹ̀rọ ti lọ, irin ìgé ti lọ, gbogbo òǹtẹ̀ ti lọ. Télọ̀ ní o sọ fún òun pé èmi ni mo ní kí o kó wọn. Mo sunkún, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n irin ni irin, ẹni tó bá lọ́wọ́ á tún ní in.

Ohun tí mi ò lè gbójú fò ni ohun tí o fi ẹnu rẹ sọ. O lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé, o lọ bá ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, o lọ bá ìyá tó ń ta ìwé ní ìkóríta. Ilé mẹ́ta tó ń ra káàdì wa jù, ọ̀rọ̀ kan náà: pé ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n, pé mi ò lè gé ìlà tó tọ́ mọ́, pé àánú mi ló ń ṣe ọ́ tí o kò fi tètè sọ. Àánú! O fi ọwọ́ òsì júwe ilé mi, o tún ń nu omijé. Ẹni tó ń fi ọwọ́ jẹun, tí wọ́n bá ti ní ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, wọ́n ti sin ín láàyè. Oṣù márùn-ún gbáko, oníbàárà kankan kò gun àtẹ̀gùn wá bá mi. Ìyá tó ń ta ìwé pàdé mi lọ́nà, ó wo ọwọ́ mi kó tó wo ojú mi.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo lọ sọ́dọ̀ oníbébà. Ó ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ ra páálí tó ń dán gbinrin, ti ọgọ́rin káàdì ọpẹ́ tí ọ̀gá ilé-ìwé ní kí o ṣe. Mo bi í bóyá o ra páúdà. Ó ní rárá, pé o ní kì í ṣe dandan. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ ò ṣe lọ sọ fún un?" Mo ní, "Ó mọ iṣẹ́ ẹ̀." Irọ́ ni mo pa. Bébà lásán á mu yíǹkì wa. Èyí tó ń dán kò mu ún. Tí o kò bá da páúdà sí i kí o fi ooru yọ́ ọ, bó lo ọ̀sẹ̀ kan, tútù ló máa wà. Mo mọ̀, mo sì panu mọ́. Mo ń kọrin lọ sílé ni.

O mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ jù mí lọ, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́, ó ń dùn lẹ́nu mi. O to ọgọ́rin káàdì léra wọn, o fi okùn dì wọ́n pinpin. Nígbà tí ọ̀gá ilé-ìwé tú wọn, òdòdó ti káàdì ìsàlẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ti òkè, yíǹkì elésè àlùkò sì ti ba búláòsì funfun rẹ̀ jẹ́ láti àyà dé ikùn. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Wọ́n ní o dúró síbẹ̀, ò ń sọ pé òjò ni.

Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni ọ̀gá ilé-ìwé gun àtẹ̀gùn mi. Kò jókòó. Ó ní, "Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n wo ọwọ́ yín." Mo na méjèèjì sórí tábìlì, mo sì fi wọ́n síbẹ̀. Ó wò wọ́n títí. Lẹ́yìn náà mo mú abẹ, mo gé òdòdó olójú mẹ́jọ níwájú rẹ̀, láìfi pẹ́ńsù yà á tẹ́lẹ̀. Ó jókòó.

Ọjọ́ mẹ́ta ló kù kí sáà ilé-ìwé parí. Abẹ ni mo fi gé ọgọ́rin, lọ́kọ̀ọ̀kan. Rọ́bà ìparẹ́ ni mo gbẹ́ ṣe òǹtẹ̀, ooru iná èédú ni mo fi yọ́ páúdà. Ẹ̀yìn ń ro mí, inú mi ń dùn. Mo gbẹ́ kékeré kan sí i, mo tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀yìn gbogbo wọn: Ọwọ́ tí kò gbọ̀n ló ṣe é. Ọgọ́rin ilé ni gbólóhùn yẹn wọ̀. Mo gbọ́ pé àwọn kan ti bi ọ́ léèrè ohun tó túmọ̀ sí.

Ó dùn mí pé ìwọ ni, ọ̀rẹ́ mi. Ká ní ẹlòmíràn ni, ǹ bá ti gbàgbé. Nítorí náà, gbọ́ ohun tí mo fẹ́. Mi ò béèrè ẹ̀rọ. Padà sí ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lọ ní ọ̀sán gangan nígbà tí èrò wà níbẹ̀, kí o sọ pé irọ́ lo pa. Ẹyin lohùn lóòótọ́, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́; ṣùgbọ́n ẹni tó fọ́ ọ ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ nu ilẹ̀. Títí dìgbà náà, kò sí káàdì tí yóò ti ọwọ́ mi jáde tí kò ní ru gbólóhùn yẹn lẹ́yìn.

Kí Ọlọ́run bá mi dá ẹ̀mí rẹ sí. Kí ojú rẹ máa ríran kedere, kí o lè máa kà á dọ́jọ́ alẹ́. Kí ẹsẹ̀ má ro ọ́, kí ọ̀nà ilé mẹ́ta yẹn má jìn sí ọ.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tó ti wá mọ̀ ọ́ tán.

Àfikún: Káàdì tí o fi rán télọ̀ sí mi tẹ̀ mí lọ́wọ́. Fèrèsé tí o gé síwájú rẹ̀ mọ́ dáadáa, "Má bínú sí mi" tí o tẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ náà gbẹ. Ó jọ pé o ti ra páúdà. Ṣùgbọ́n mo ṣí inú rẹ̀, ó ṣófo. Kò sí orúkọ mi, kò sí tìrẹ, kò sí ohun tí o ṣe. Mo bá gbé e sórí àtẹ. Ọkùnrin kan tó ṣẹ ìyàwó rẹ̀ wọlé, ó wù ú, ó rà á, ó sì jókòó síbẹ̀ kọ gbogbo ohun tó ṣe sínú rẹ̀ títí ojú káàdì méjèèjì fi kún. Ìyàwó rẹ̀ ti dárí jì í. Ó ku èmi.